Láti Kòtò Amọ̀ Títí Dé Ahoro

Ẹni tí ó bá ti Lọ́kọ́jà ń bọ̀ ní Kàbà, tí ó gba Ọbàjànà kọjá, orí kọnkéré ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa sá lé. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà ọ̀dà. Kìlómítà 43 ni láti Ọbàjànà dé Kàbà, sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti òkúta ni wọ́n fi ṣe é, ó funfun bí eérú lójú oòrùn, táyà sì ń kùn lórí rẹ̀ bí oyin. Bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá ti ń pàdé wa, òmíràn a máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Kò pẹ́, àwọn òkè Kàbà á yọ, òkè olókùúta tí igbó rọ̀gbà yí ẹsẹ̀ wọn ká, ìlú á sì tẹ́ rẹrẹ láàárín wọn bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ de àlejò. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀, "Ọ̀kun o" ni a ó kọ́kọ́ gbọ́, ìkíni tí ó sọ gbogbo wa lórúkọ, àti Òwé, àti Ìyàgbà, àti Ìjùmú, àti Bùnú, àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó wọ àdúgbò wa, kí n wo òrùlé. Òrùlé ni ó ń sọ ọjọ́ orí ilé. Páànù tí ó ti pọ́n bí epo wà lórí ilé amọ̀ àwọn baba wa. Èyí tí ó ń kọ mànà wà lórí ilé búlọ́ọ̀kù àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún ni pupa ń dín, tí dídán ń pọ̀ sí i. N kò bá ilé búlọ́ọ̀kù jà, inú ọ̀kan ni èmi náà ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ilé amọ̀ ṣe ń wó lọ láìsí ẹni tí ó ka iye rẹ̀ ń dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ jókòó ti ọ̀kan nínú wọn, kí n wò ó láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dé ọjọ́ tí yóò kú.

Ilé ìyá bàbá mi ni. Yàrá mẹ́rin ni ó ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn kọjá, ẹ̀yìnkùlé sì ni ilé ìdáná wà. Láti ìta, kò sí ohun tí ó fi ju àwọn yòókù lọ. Bí a bá sún mọ́ ọn ni ó tó ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ti ṣí ní apá ìlà-oòrùn, ìpele amọ̀ márùn-ún hàn kedere, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju orúnkún àgbà lọ díẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ìpele kan sí èkejì, ó ń fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n mọ èyí, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n mọ tọ̀hún. Mo fi ọwọ́ kàn án. Pòpórò koríko wà nínú amọ̀ náà, ó ti gbẹ tán ṣùgbọ́n kò jẹrà. Òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà wà níbẹ̀, èérún ìkòkò fífọ́ kan náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìpele kẹta, ojú ìka mẹ́rin wà tí ẹnìkan fà wá sísàlẹ̀ láti fi dán amọ̀ tútù. Ẹni náà ti kú tipẹ́. Mo gbé ìka tèmi lé e, ó bá mi mu.

Ògiri náà nípọn. Bí mo bá na apá sí ojú fèrèsé láti inú yàrá, ọwọ́ mi ni yóò kan ìta, ìgúnpá mi yóò ṣì wà nínú ilé. Ní oṣù kẹta, tí oòrùn Kàbà bá ń sọ orí ẹni di ààrò, tí páànù bá ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀ bí ó ṣe ń ràn, ẹni tí ó bá wọ yàrá yẹn yóò mọ̀ pé òun ti kúrò ní ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Amọ̀ ń gba ooru díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ooru ọ̀sán tó la ògiri kọjá, ilẹ̀ á ti ṣú, afẹ́fẹ́ òru á sì ti máa ti orí òkè bọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé náà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ògiri nínípọn wà fún.

Kòtò tí ilé yẹn ti jáde ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa. Wọ́n á wà á, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi fà bí iyán tí a gún kúnná, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ó sùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún pò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ilé kíkọ́, torí ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí a tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú mọ ìpele méjì lọ́jọ́ kan, ògiri rẹ̀ yóò wú níkùn, yóò sì dà wó. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á wà, wọ́n á pò, wọ́n á ju ìṣù amọ̀ sókè sí ẹni tí ó gun ògiri. Àwọn obìnrin á pọn omi láti odò, ìrìn lórí ìrìn, ìkòkò lórí ìkòkò. Bí a bá ń yin ilé amọ̀, ọrùn àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yìn. Ohun tí ó ń jẹ́ epo mọ́tò fún wa lónìí, iyán àti ọbẹ̀ ni ó jẹ́ fún ilé yẹn.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú kòtò, nítorí omi ń dúró níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn onímọ̀ ayé òde òní ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ṣe irú ìwò tí mo ń ṣe yìí. Ìṣirò ọjọ́ ayé nǹkan ni mo máa ń pè é. Inú ìgò ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Coca-Cola fẹ́ mọ èyí tí yóò kó ẹrù wúwo jù lọ bá ayé nínú oríṣiríṣi ohun tí a lè rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí. Wọ́n bẹ Midwest Research Institute ní Amẹ́ríkà lọ́wẹ̀, àwọn yẹn sì ka gbogbo rẹ̀ láti ibi tí a ti wa ohun èlò nínú ilẹ̀ títí dé ibi tí a ju ìgò sí. Kò pẹ́ tí ìmọ̀ náà fi kúrò lórí ìgò. Àjọ ISO, tí ó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé 14040 àti 14044, ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006. Ní ọdún 2011, àwọn ará Yúróòpù ṣe ti ilé lọ́tọ̀, wọ́n pè é ní EN 15978, wọ́n sì fi lẹ́tà pín ayé ilé: A ni ìgbà tí wọ́n ń wa ohun èlò, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń gbé e, tí wọ́n ń fi kọ́lé, B ni gbogbo ìgbà tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, títí kan àtúnṣe, C ni wíwó àti kíkó pàǹtírí, D ni ohun tí ó ṣì wúlò lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìmọ̀ yìí ni pé kì í gbà kí ènìyàn bojú wo ibi tí ó wù ú nìkan. Oníṣòwò lè sọ pé ilé òun dára nítorí pé iná díẹ̀ ni ó ń jẹ. Ìmọ̀ yìí yóò bi í pé, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Olùfẹ́ àtijọ́ bí tèmi lè sọ pé amọ̀ kò ná ayé ní nǹkan kan. Yóò bi mí pé, ọdún mélòó ni ó dúró, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ tún un ṣe, kí sì ni ẹ fi bò ó? Kò sì gbà kí a fi ilé méjì tí kò dọ́gba wéra. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ohun tí a ń wọ̀n sílẹ̀: yàrá kan, kí ẹni méjì máa sùn nínú rẹ̀, fún àádọ́ta ọdún, kí òjò má pa wọ́n, kí ooru má pa wọ́n. Ìgbà náà ni a tó lè gbé amọ̀ sí apá kan, kí a gbé búlọ́ọ̀kù sí apá kejì.

Ó yẹ nígbà náà kí á padà lọ sí Ọbàjànà, torí ibẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù Kàbà ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote tí ó wà níbẹ̀ ni ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Agbára rẹ̀ lọ́dún tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 16.25. Nígbà tí ilé ìyá bàbá mi ń gòkè, ọkọ̀ ojú omi ni sìmẹ́ńtì ń bá wá láti òkè òkun. Ọdún 1957 ni ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Nkalagu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílẹ̀ yìí, ti Ewékoro tẹ̀ lé e ní 1960. Lónìí, àpò tí ọmọ Kàbà ń rà lè jẹ́ èyí tí wọ́n dì ní ìtòsí ilé rẹ̀. Ní ti ọ̀nà, èrè ńlá ni èyí, torí ẹrù tí kò rìn jìnnà kò jẹ epo púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé epo ọkọ̀ nìkan ni a ń kà, àwa ará Kàbà ni ì bá máa yangàn jù nínú gbogbo Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wọ inú ìléru. Òkúta ẹfun ni ìyá sìmẹ́ńtì. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, wọ́n á sì dà á sínú ìléru gbọọrọ kan tí ó ń yí bí àgbá, tí ooru inú rẹ̀ ń tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Irin pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ níbẹ̀. Ohun tí ó ń jáde jẹ́ kóro dúdú líle tí wọ́n ń pè ní klíńkà. Ìyẹn ni wọ́n ń lọ̀ kúnná pẹ̀lú jípísọ́ọ̀mù díẹ̀, òun ni a ń rí nínú àpò. Ẹnikẹ́ni yóò rò pé epo tí wọ́n dáná rẹ̀ ni ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Apá kan rẹ̀ ni. Apá tí ó pọ̀ jù ń ti inú òkúta fúnra rẹ̀ wá. Òkúta ẹfun tí ó mọ́, bí a bá sun 100 kìlógíráàmù rẹ̀, 44 yóò fò lọ sókè gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, 56 péré ni yóò kù nílẹ̀. Bí a tilẹ̀ fi oòrùn dáná, bí a fi afẹ́fẹ́ dáná, 44 yẹn yóò ṣì fò. Láti ọjọ́ tí a ti ń gbọ́ nípa ayé tí ń gbóná, ìṣirò kékeré yìí ni ó wọ̀ mí lára jù lọ.

Ìpíndọ́gba àgbáyé ni pé tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì kan ń tú nǹkan bí 600 kìlógíráàmù kábọ́ọ̀nù sáfẹ́fẹ́. Àpò kan tí ó wúwo tó 50 kìlógíráàmù, ọgbọ̀n kìlógíráàmù ni tirẹ̀. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí a sun nínú jẹnẹrétọ̀ ń tú nǹkan bí 2.3. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lé èjìká gbé èéfín lítà mẹ́tàlá epo. Jákèjádò ayé, sìmẹ́ńtì ni ó ni nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ọwọ́ ènìyàn ń tú sókè.

Ẹ jẹ́ kí á mú un wá sí àgbàlá. Birikilà tí kì í ṣe jìbìtì lè rí búlọ́ọ̀kù ogójì nínú àpò kan. Ilé kékeré tí ó gba búlọ́ọ̀kù 2,000, àpò àádọ́ta ni ó wọ inú búlọ́ọ̀kù nìkan. A kò tíì ka ìpìlẹ̀, a kò ka èyí tí a fi to ó, tí a fi rẹ́ ẹ, tí a fi rẹ́ ilẹ̀. Àpò àádọ́ta yẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Irin rọ́ọ̀dù tún wà, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì. Ó ṣeni láàánú pé òkè irin Ìtakpẹ́ àti ilé-iṣẹ́ Ajáòkúta wà nínú ìpínlẹ̀ Kogí kan náà pẹ̀lú wa, síbẹ̀ ìléru ńlá Ajáòkúta kò tíì yọ́ irin rí, ọ̀nà jíjìn ni rọ́ọ̀dù wa ń gbà wá.

Ní ẹ̀gbẹ́ ti amọ̀ ńkọ́? Ọkọ́, omi, ẹsẹ̀ àti oòrùn. Kò sí ìléru. Kò sí ọkọ̀. Igi òrùlé wá láti inú igbó, ìyẹn sì ní iye tirẹ̀, torí ìrókò kan kì í dàgbà láàárín ọdún mẹ́wàá. Páànù tí wọ́n gbé lé e lẹ́yìn náà ni ẹrù tí ó wúwo jù nínú ìwé ìṣirò ilé náà. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ páànù yẹn! Ẹni tí kò bá gbé abẹ́ koríko rí ni yóò sọ pé kí a padà sí i. Koríko ń fẹ́ ìbò tuntun láàárín ọdún díẹ̀, ó ń bí ejò àti àkekèé, bí iná ọ̀yẹ́ kan bá sì ta sí i, ó lè jó àdúgbò tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Orí ìgbé inú ilé ni ìṣirò yìí ti ya mí lẹ́nu jù. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé kíkọ́ ni gbogbo ẹrù wà. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá gbóná tí ó fi ń tan jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́ nítorí fáànù, tí ó ń sun lítà márùn-ún lójúmọ́, láàárín ọdún kan yóò sun lítà 1,825, ìyẹn sì ju tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí ó fi kọ́lé, kò tó oṣù márùn-ún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ẹ fojú inú wò ó. Nítorí náà, ògiri tí ó nípọn, igi máńgòrò níwájú ilé, fèrèsé méjì tí ó kọjú síra kí afẹ́fẹ́ lè la yàrá kọjá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣíji bo ògiri, gbogbo nǹkan wọ̀nyí tí a kà sí ti àgbà àná ni ó ń san owó fún wa lójoojúmọ́ láìsọ̀rọ̀. Ilé amọ̀ tí wọ́n kọ́ láìrò ó dáadáa lè gbóná. Ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rò dáadáa lè tutù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé tí mo wọ̀ ní Kàbà ní oṣù kẹta, kò sí èyí tí ó tutù tó ti ìyá bàbá mi.

Ilé yẹn ń béèrè ìtọ́jú, kí n má parọ́. Omi òjò tí ó bá ta láti ilẹ̀ máa ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri, ikán máa ń gba inú amọ̀ gun òrùlé, àgbàrá sì lè gbẹ́ ìdí rẹ̀ bí eku. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó máa ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀ kíkúnná, á kúnlẹ̀, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri yíká ilé, ní àmì ìlàjì òbìrí, ìlàjì òbìrí, títí tí yóò fi padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé EN yóò pe iṣẹ́ yẹn ní ìtọ́jú, yóò fi í sábẹ́ lẹ́tà B, yóò sì kọ òdo síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà lọ tán, àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé kí àwọn gba ilé náà lọ́wọ́ wàhálà. Wọ́n pe birikilà kan, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ara rẹ̀. Ó rẹwà fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo ti wo bíbó yẹn dáadáa. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ sì ń mí: ó ń wú díẹ̀ nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn kò bá a wú, kò bá a sún kì, nítorí náà ó là. Omi gba ojú lílà wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn sìmẹ́ńtì wá ń rọ̀ nínú òkùnkùn, títí ègé kan tí ó fẹ̀ tó pẹpẹ fi já bọ́ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ohùn bí ẹni fọ́ igbá. Níbi tí ó ti já yẹn ni mo ti rí ìpele márùn-ún, tí mo sì rí ojú ìka mẹ́rin. Kì í ṣe pé birikilà náà kò mọṣẹ́. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni ó kọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ amọ̀, torí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Ikú ilé amọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́yìn ilé wa, ahoro kan wà, ilé àbúrò bàbá àgbà. Òrùlé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ. Òjò méjì, òjò mẹ́ta, ògiri di òkìtì. Òkìtì fẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀. Àwọn ará ilé gbin àgbàdo àti ata sí i, ó sì ń so ju ti oko lọ, nítorí eérú ààrò àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ọgọ́rin ọdún ti wọ inú ilẹ̀ náà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ògiri tuntun níbẹ̀ lọ́la, yóò wa amọ̀ àtijọ́ yẹn, yóò bomi sí i, yóò sì tún pò ó. Kò sí ohun tí a gbọ́dọ̀ kó dànù. Èmi kò mọ ohun èlò ilé mìíràn tí ó ń kú báyìí.

Búlọ́ọ̀kù tí ó wó, ihò ojú ọ̀nà ni a máa ń fi í dí, ìyẹn náà kì í ṣe ohun burúkú. Sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ tilẹ̀ máa ń fa díẹ̀ padà nínú kábọ́ọ̀nù tí ó tú sílẹ̀ nígbà ìbí rẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún. Rọ́ọ̀dù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ra irin àlòkù. Páànù álúmíníọ̀mù dára jù lọ láti tà, nítorí pé yíyọ́ èyí tí ó ti gbó ń gba nǹkan bí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí a fi ń ṣe tuntun. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni òrùlé asbestos tí ó wà lórí àwọn ilé ìjọba àtijọ́. Bí wọ́n bá ń fọ́ ọ láìbojú, eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè dúró ogún ọdún kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣeré lórí rẹ̀.

Ẹnìkan lè rò pé ìrántí àwọn àgbà ni ó ń dùn mọ́ mi lásán. Rárá o. Demas Nwoko, ayàwòrán àti akọ́lé ọmọ Nàìjíríà, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ní ilé ìjọsìn àwọn Dòmíníkà, fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wò ó. Ní ọdún 2023, Venice Biennale fún un ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Bùrùkínà Fasò, fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó parí rẹ̀ ní 2001. Ó gbé òrùlé páànù sókè jìnnà sí ògiri kí ooru lè máa gba àárín wọn jáde, gbogbo abúlé ni ó sì bá a ṣiṣẹ́, bí a ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ níbí. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí kò sí irú rẹ̀ láàárín àwọn ayàwòrán ilé. Nílé wa níbí, NBRRI, àjọ ìwádìí ilé àti ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, ti ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ilẹ̀ pupa di búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì tí ó ń wọ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò nílò ìléru, ilẹ̀ pupa sì kún Kàbà fọ́fọ́. Sìmẹ́ńtì Ọbàjànà ní ipò tirẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀: nínú ìpìlẹ̀, níbi tí àgbàrá ti ń jẹ ògiri, níbi ìwẹ̀, níbi tí agbára rẹ̀ ti tó ohun tí a ná lé e. Èmi yóò fi àpò mẹ́wàá síbi tí ó yẹ, dípò kí n fi ọgọ́rùn-ún síbi gbogbo.

Síbẹ̀, bí a bá ka gbogbo rẹ̀ tán, láti A dé D, kò sí ilé tí ó fúyẹ́ lọ́rùn ayé tó èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Ẹrù ìbí rẹ̀ ti kọjá. Ọwọ́ tí ó pò ó ti sinmi. Gbogbo ọdún tí a bá fi kún ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀kun tí ẹ wà ní Àbújá, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ń kó owó jọ láti wá wó ilé bàbá yín kí ẹ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sán oṣù kẹta, kí ẹ jókòó fún wákàtí kan. Ẹ wo òrùlé bóyá ó ń jò. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ògiri. Bí ògiri bá ṣì dúró ṣánṣán, ẹ gbé páànù tuntun lé e, ẹ fa etí òrùlé jáde síwájú kí omi òjò lè máa bọ́ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ ha sìmẹ́ńtì tí ó ti bó kúrò, kí ẹ sì wá àgbà kan tí ó ṣì mọ amọ̀ í pò kí ó fi han ọ̀dọ́ méjì. Ẹ ṣe é kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀.